Ẹ Má Ṣe Da Ègé Kókó Náà Nù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrùn tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Nínú gbogbo àrùn ayé, ekukáká ni a fi lè rí èyí tí òwe yìí bá mu tó jẹjẹrẹ. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Kò ka ọmọdé sí, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rù àgbà. Ó wà ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì wà ní àdúgbò tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àrùn náà nìkan ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìdànù, èyíinì ni ègé kókó tí àwọn oníṣègùn gé kúrò lára ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a da ègé náà nù, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ láìtọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ó yẹ kí a tọrọ rẹ̀, kí a fi tinútinú yọ̀ǹda rẹ̀, kí a sì fi í wá egbòogi tí yóò gba ẹlòmíràn là.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́. Ara ènìyàn dà bí ilé ńlá tí a fi bíríkì tí kò níye kọ́. Àwọn bíríkì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Wọ́n yàtọ̀ sí bíríkì ilé ní ti pé wọ́n wà láàyè: wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń gbó, wọ́n sì ń kú ní àkókò tí ó yẹ. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn àṣẹ wà tí a jogún láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá, tí ó ń sọ ìgbà tí yóò pọ̀ sí i àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Jíìnì ni a ń pe àwọn àṣẹ wọ̀nyí. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì kan lè di olóríkunkun: kò ní í dáwọ́ bíbí dúró mọ́, kò sì ní í kú nígbà tí ó yẹ kí ó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣù jọ di kókó, àwọn mìíràn nínú wọn yóò sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ẹ̀dọ̀, sí egungun tàbí sí ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a ń pè ní jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ní ìgbà kan, ibi tí kókó bá ti yọ lára ni àwọn oníṣègùn fi ń dá a mọ̀ jù lọ. Bí ó bá yọ ní ọmú, jẹjẹrẹ ọmú ni; bí ó bá yọ ní ọrùn ilé ọmọ, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni; oògùn kan náà ni wọn a sì máa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin méjì lè ní kókó ọmú tí ó tóbi bákan náà, tí ó sì jọra lójú àti lọ́wọ́, síbẹ̀ kí àṣẹ tí ó bàjẹ́ nínú ti èkíní yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Oògùn tí yóò ran èkíní lọ́wọ́ lè má ṣe ju pé kí ó mú èkejì máa bì, kí irun orí rẹ̀ sì re, kí owó ilé rẹ̀ sì tán. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ àárín wọn, àfi kí a wo inú kókó náà fúnra rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wò ó. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé ègé kan lára kókó, wọn a fi í sínú fọ́málìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ó rà. Ní ilé àyẹ̀wò, wọn a fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọn a sì rì í sínú ìda yíyọ́ títí ìda náà yóò fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì dì. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi abẹ mímú rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí yóò fẹ́lẹ́ ju bébà lọ lọ́nà púpọ̀. Wọn a pa á láró, wọn a sì gbé e sí abẹ́ maikirosikópù, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni yóò sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kókó lásán, àti irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́. Ìṣù ìda yìí kò nílò yìnyín, kò sì nílò iná mànàmáná. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáradára sí ibi gbígbẹ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí ọmọ tí a kò tíì bí lónìí sì wá mú un jáde lọ́jọ́ kan láti bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n bi í.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 1987, Dennis Slamon, oníṣègùn kan ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ kókó ọmú obìnrin 189 wò. Nínú nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn kókó náà, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní HER2 ti di púpọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Jíìnì yìí ni ó ń ṣe ohun kan tí ó dà bí etí sí ara sẹ́ẹ̀lì, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ pé kí ó máa pọ̀ sí i. Nígbà tí etí náà bá pọ̀ lápọ̀jù, ariwo "Máa pọ̀ sí i" kì í dákẹ́ mọ́. Wọ́n sì rí i pé àwọn obìnrin tí kókó wọn rí báyìí ni àrùn náà ń tètè padà bá, àwọn náà ni ó sì ń tètè pa. Ìmọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ gbé dání tí wọ́n fi ṣe oògùn kan tí yóò máa wá etí náà kiri láti dí i. Trastuzumab ni orúkọ oògùn náà. Ní ọdún 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n máa lò ó. Báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ ọmú tí ó burú jù lọ fi di èyí tí oníṣègùn lè kò lójú pẹ̀lú ìrètí. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìmọ̀ náà ti wá: inú àwọn ègé kókó tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì tọ́jú pa mọ́ ni. Bí ó bá ṣe pé wọ́n ti dà wọ́n sí ààtàn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni mo ń sọ. Jẹjẹrẹ kan wà tí í máa yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àrùn náà títí di òní. Ní ọdún 1963, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ R.J.V. Pulvertaft mú sẹ́ẹ̀lì láti inú irú kókó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdékùnrin kan, ọmọ ọdún 11, ọmọ Nàìjíríà. Ó fi wọ́n sínú ìgò, ó sì ń fi omi tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ bọ́ wọn. Dípò kí wọ́n kú, ńṣe ni wọ́n ń bí sí i, ìran wọn kò sì tíì run di òní olónìí. Raji ni wọ́n ń pe ìran sẹ́ẹ̀lì yìí, ó sì wà ní àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri àgbáyé. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ rituximab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1997 fún irú àwọn jẹjẹrẹ kan tí í kọlu sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì ni oògùn náà ń dọdẹ. Nítorí pé àmì náà pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì Raji, àwọn onímọ̀ a máa lò ó láti dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ tó láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ti fi nǹkan ta àgbáyé lọ́rẹ, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí?

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti dára tó nì, ó ní apá kan tí kò dára, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún yín. Ní ọdún 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Henrietta Lacks, lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Àwọn oníṣègùn gé díẹ̀ lára kókó rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún George Gey, onímọ̀ tí ó ń wá sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí yóò lè máa gbé nínú ìgò. Wọn kò bi í léèrè, wọn kò sì sọ fún un. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹni ọdún 31 ni. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí a ń pè ní HeLa, kò kú. Wọ́n lò wọ́n nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wò; wọ́n lò wọ́n fún iṣẹ́ ìwádìí tí kò lóǹkà; àwọn oníṣòwò sì tà wọ́n, wọ́n jèrè. Ó ju ogún ọdún lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ pé ohun kan tí ó jẹ́ ti ìyá wọn ṣì wà láàyè. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó bá ìdílé náà ṣe àdéhùn pé wọn yóò máa lóhùn sí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ka jíìnì inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ní ọdún 2023 sì ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń tà wọ́n tó bá ìdílé náà parí ẹjọ́.

Àwọn kan lè sọ pé oore tí ó ti ibẹ̀ jáde pọ̀ ju àìdára tí ó wà níbẹ̀ lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ oko olóko láti já ewé tí yóò fi wo ọmọ tí ń kú lọ, ọmọ náà lè yè, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ oko náà di tirẹ̀. Kí ló dé tí kò fi kan ilẹ̀kùn olóko? Ọ̀pọ̀ olóko ì bá ti fi ọwọ́ ara wọn já ewé náà fún un. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ni í mú kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bá ilẹ̀kùn ní títì.

Nítòótọ́, ilẹ̀kùn náà ti ń tì ní ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa, ẹ̀rù mẹ́ta ni ó sì ń tì í. Ẹ̀rù kìíní ni ti abẹ. Àwọn kan gbà pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, yóò ràn ká gbogbo ara. Kì í ṣe abẹ ni ó ń mú un ràn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kì í dé ilé ìwòsàn títí àrùn náà yóò fi ràn tán, nígbà tí ikú bá sì dé, abẹ ni a ń di ẹ̀bi rù. Ẹ̀rù kejì ni pé ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Èmi kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí a mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ibi wà láyé. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ni iṣẹ́ ibi ń fẹ́. Ohun tí a bá béèrè ní gbangba, tí a kọ sínú ìwé, tí a sì lè wádìí ibi tí ó wà, kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀rù kẹta ni ti àwọn tí ó fẹ́ kí gbogbo ara wọn wọ ilẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ ikú. Ìfẹ́ rere ni, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, kókó jẹjẹrẹ kì í ṣe ẹ̀yà ara tí Ọlọ́run fi jíǹkí ènìyàn. Ọ̀tẹ̀ ni ó dìde nínú ilé. Bí ọwọ́ bá tẹ amí ọ̀tá nígbà ogun, ọlọ́gbọ́n kì í lé e lọ láìbi í léèrè ibi tí agbára ọ̀tá wà àti ibi tí àìlera rẹ̀ wà.

Ìdí pàtàkì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan wa ju bí a ti rò lọ. Bí ó bá jẹ́ kókó àwọn ará ilẹ̀ mìíràn nìkan ni a ń yẹ̀ wò, àìsàn tiwọn ni oògùn tí ó bá jáde yóò mọ̀ jù. Irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí kò ní etí HER2 lápọ̀jù, tí kò sì ní etí méjì mìíràn tí àwọn oògùn ń dọdẹ. Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ, trastuzumab tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlópàdé, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ara jìn fún ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí jíìnì inú kókó ọmú àwọn obìnrin Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn kókó náà, agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún jíìnì rẹ̀ tí ó já ṣe ti bàjẹ́. Èyí kì í ṣe ìròyìn búburú nìkan, nítorí oògùn wà tí ó ń dọdẹ àìlera yìí gan-an. Ní ọdún 2018 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, olaparib, fún àwọn kan tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú tí irú àìlera bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ àjogúnbá fún wọn. Bí àwọn obìnrin wa kò bá yọ̀ǹda ègé kókó wọn, ta ni ì bá mọ èyí?

Nítorí náà, bí a bá ń rọ àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda, a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó tọ́ sí wọn pẹ̀lú. Èkíní ni ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání. Òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi alààyè ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé fún un, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Yorùbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un: ìwé tí a kọ ní èdè tí aláìsàn kò gbọ́, bí ó tilẹ̀ tẹ ìka sí i ní ìgbà mẹ́wàá, kò tíì gbà. Kò ṣòro láti sọ ọ́ ní èdè wa. Dókítà lè sọ báyìí pé: "Ẹ̀yin ìyá wa, a ó gé díẹ̀ lára kókó yìí láti mọ irú àrùn tí ó ń ṣe yín; ti ìtọ́jú yín nìyẹn. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, a ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹlòmíràn láǹfààní. A kò ní í kọ orúkọ yín sí i lára. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò ní í torí rẹ̀ dín kù." Ìyá tí ó gbọ́ èyí mọ ohun tí ó ń fún ni, ó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀.

Èkejì ni òtítọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣèlérí fún aláìsàn pé ègé tí ó yọ̀ǹda ni yóò wò ó sàn. Nígbà mìíràn àǹfààní rẹ̀ kì í dé lójú ẹ̀mí ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó gbin obì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ òun ni yóò pa á jẹ, síbẹ̀ ó gbìn ín. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni. Ìda tó fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fẹ́ ègé tútù tí a tọ́jú sínú ẹ̀rọ tí ó tutù tó ìwọ̀n 80 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìjọba tí kò bá pèsè iná tí kì í kú fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi ọrẹ àwọn aláìsàn ṣòfò. Ẹ̀kẹrin ni ìpín. Àwọn oògùn tuntun wọ̀nyí wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa kò sì lè rà wọ́n. Kò bójú mu kí ègé ti ọ̀dọ̀ wa lọ, kí oògùn padà dé ní iye tí ọwọ́ wa kò lè tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí aláìsàn ti ń ṣe iṣẹ́ tí onímọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí onímọ̀, oníṣòwò àti ìjọba ṣe tiwọn fún aláìsàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń ka ìwé fún ìyá àgbà nílé. Bí wọ́n bá gbé ìwé irú èyí wá, ẹ má ṣe ní kí wọ́n kàn tẹ ìka sí i, ẹ má sì ṣe ní kí wọ́n fà á ya. Ẹ kà á fún wọn, ẹ ṣàlàyé rẹ̀, ẹ bá wọn béèrè ohun tí kò bá yé wọn, kí ẹ sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún wọn. Lára yín náà ni àwọn tí yóò di oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ maikirosikópù yóò ti wá. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ègé kókó kan bá wà níwájú yín nínú ìda, tí nọ́ńbà nìkan ni ó wà lára rẹ̀, ẹ rántí pé ènìyàn ni ó ti ara rẹ̀ wá, ẹni tí a tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì wí pé, "Ẹ máa mú un lọ." Ẹ má ṣe fi ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹ fi í ṣe iṣẹ́ tí ó fi í sílẹ̀ fún.